Orí Kẹfà: Odò, Gọ́tà àti Oògùn Tí Kò Jẹ́ Mọ́

Láàárín ìparí oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá ọdún 2010, àwọn onímọ̀ kan ń káàkiri New Delhi, olú-ìlú Íńdíà, wọ́n ń bu omi. Ilé ìwòsàn kọ́ ni wọ́n ti ń bù ú. Omi tó dárogún sójú pópó àti èyí tó ń ṣàn gba ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n ń bù, pẹ̀lú omi ẹ̀rọ tí àwọn ará àdúgbò ń pọn mu. Wọ́n kó 171 jọ nínú ti ojú pópó, wọ́n kó 50 nínú ti ẹ̀rọ, wọ́n sì yẹ gbogbo rẹ̀ wò bóyá jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní NDM-1 wà níbẹ̀. Jíìnì yìí ló ń jẹ́ kí bakitéríà borí àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní carbapenem, ìyẹn àwọn tí dókítà máa ń tọ́jú pamọ́ di ìgbà tí oògùn yòókù bá ti já a kulẹ̀. Wọ́n bá a nínú 51 lára omi ojú pópó, wọ́n sì bá a nínú méjì lára omi ẹ̀rọ. Wọ́n tún yẹ omi ẹ̀gbin 70 láti Cardiff ní ilẹ̀ Wales wò kí wọ́n lè fi wé e. Kò sí ẹyọ kan ṣoṣo tó ní in nínú. Timothy Walsh àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde náà jáde ní 2011. Lójú tèmi, iye wọ̀nyẹn kọ́ ló burú jù nínú rẹ̀, bí kò ṣe orúkọ àwọn bakitéríà tó gbé jíìnì náà. Vibrio cholerae tó ń fa onígbáméjì wà níbẹ̀, Shigella boydii tó ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó tíì rí NDM-1 lára àwọn méjèèjì rí. Wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ooru ń kópa, wọ́n sì rí i pé ìgbà tí ooru bá wà ní 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni àwọn bakitéríà náà ń fi jíìnì yìí lé ara wọn lọ́wọ́ jù. Ara èèyàn gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru omi gọ́tà tí oòrùn ń pa nìyẹn.

Èrò tó wọ́pọ̀ láàárín wa ni pé ilé ìwòsàn àti ìsọ̀ oníkẹ́míìsì ni àìgbóògùn ti ń bẹ̀rẹ̀: ẹnì kan lo oògùn apakòkòrò ní ìlòkulò, kò lò ó tán, kòkòrò inú ara rẹ̀ sì di akọni. Irọ́ kọ́, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Ohun tí mo fẹ́ fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀ nínú orí yìí ni pé, ní ti àwọn bakitéríà tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, lílo oògùn ló ń yan èyí tí yóò yè, ṣùgbọ́n inú omi tí ìgbẹ́ ti dà pọ̀ mọ́ ni wọ́n ti ń pàdé, tí wọ́n ti ń pín ohun ìjà fún ara wọn, omi yẹn kan náà ló sì ń gbé wọn kárí ilé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ àkọ́kọ́ fún ìlú tó bá fẹ́ kí oògùn máa jẹ́ ni kó ya ìgbẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára omi mímu. Òfin lórí títa oògùn ń tẹ̀lé e lẹ́yìn ni. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn kò ní fara mọ́ ìtò yìí, àtakò wọn kì í sì í ṣe àtakò àwàdà. A óò dé orí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí kòkòrò ṣe ń gba ohun ìjà. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé Ogun Àgbáyé Kejì, ìgbẹ́ ọ̀rìn gbòde ní ilẹ̀ Japan. Oògùn sulfa ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń wò ó. Nígbà tí ìyẹn kò jẹ́ mọ́, wọ́n mú streptomycin, tetracycline àti chloramphenicol. Kó tó di ìparí àwọn ọdún 1950, wọ́n ti ń rí Shigella tí oògùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ràn pa pọ̀. Ó ta kókó. Àyípadà òjijì nínú DNA tó lè fúnni ní àìgbóògùn máa ń bá ẹyọ bakitéríà kan nínú ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù. Kí irú rẹ̀ mẹ́rin já lu ẹyọ kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ju ohun tí ọgbọ́n lè gbà lọ. Ìgbẹ́ àwọn aláìsàn fúnra wọn ló tú àṣírí náà: E. coli tí ń gbé inú ìfun wọn láìpa wọ́n lára ní àìgbóògùn mẹ́rin yẹn gẹ́lẹ́. Ní 1959, àwọn onímọ̀ ní Japan po irú E. coli bẹ́ẹ̀ mọ́ Shigella tí oògùn ṣì ń pa, Shigella náà sì gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́ rẹ̀. Òrùka DNA kékeré kan, tí a ń pè ní plasmid lónìí, ni bakitéríà kan máa ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tá á sì tì í sínú èkejì nígbà tí wọ́n bá fara kanra. Ẹni tó fúnni kì í pàdánù nǹkan kan. Wọn ò sì ní láti jẹ́ ìbátan tímọ́tímọ́.

Ìyẹn ni kò jẹ́ ká lè fojú di bakitéríà tí kì í ṣeni ní nǹkan kan. Ilé-Ifẹ̀ ló fi bí ibùba yìí ṣe ń kún hàn wá. Iruka Okeke àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ E. coli 758 wò, èyí tí wọ́n gbà láti inú ìgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní 1986, 1988, 1990, 1994 àti 1998. Ara àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà le, wọn kì í ṣe aláìsàn. Ní 1986, láàárín ìdá 9 sí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún kòkòrò náà ni tetracycline, ampicillin, chloramphenicol tàbí streptomycin kò ràn. Nígbà tí ọdún 1998 fi máa pé, ó ti di ìdá 56 sí ìdá 100. Ọdún méjìlá péré. Ẹ wò ó dáadáa: kò sí àjàkálẹ̀ àrùn kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sí yàrá iṣẹ́ abẹ, kò sẹ́ni tó dùbúlẹ̀. Ọ̀dọ́ tí ń lọ sí kíláàsì ni wọ́n, ìfun wọn sì ti di àká jíìnì tí Shigella tàbí Vibrio kan lè wá yá nǹkan níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bá dé. Lójoojúmọ́ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń yàgbẹ́. Ibi tí ìgbẹ́ yẹn ń gbà lọ, bóyá sínú ihò tí a fi símẹ́ńtì dí dáadáa ni, tàbí sínú ṣáláńgá tó wà lẹ́bàá kànga, ló ń pinnu ẹni tí yóò pín nínú rẹ̀.

Vibrio cholerae yàtọ̀ sí àwọn yòókù, ó sì yẹ ká dúró tì í díẹ̀, nítorí pé òun ní ilé méjì. Shigella kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ibòmíràn ju inú ìfun èèyàn lọ. Vibrio ní tirẹ̀, ọmọ omi ni, pàápàá omi ibi tí odò ti ń bọ́ sínú òkun, tí iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ tí kò sì tán. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ gbà pé bí onígbáméjì bá ti lọ, kòkòrò rẹ̀ náà ti kú, nítorí pé wọ́n ń wá a nínú omi, wọn kì í rí i. Rita Colwell ará Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Anwar Huq àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Bangladesh, ló fi hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wá a ni kò dára. Bí nǹkan bá le fún Vibrio, bí omi bá tutù tàbí tí oúnjẹ bá wọ́n, á súnkì, á dákẹ́, kò ní hù mọ́ nínú àwo tí wọ́n fi ń gbin kòkòrò, síbẹ̀ kò kú. Wọ́n sì tún rí i pé kì í fi bẹ́ẹ̀ dá gbé inú omi. Ẹ̀dá omi tíntínní kan wà tí wọ́n ń pè ní copepod, ìbátan edé ni, kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ara rẹ̀ ni Vibrio máa ń lẹ̀ mọ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ní ẹnu rẹ̀ àti lára àpò ẹyin rẹ̀ pàápàá. Èèpo líle tó bo copepod, irú èyí tó bo akàn àti edé, la ń pè ní chitin. Oúnjẹ ni fún Vibrio. Àmọ́ ó ju oúnjẹ lọ. Ní 2005, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford fi hàn pé bí Vibrio bá ti fara kan chitin, á ṣí ilẹ̀kùn ara rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í kó DNA tó bá wà láyìíká wọlé. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Melanie Blokesch àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lausanne, ní Switzerland, rí i pé kì í dúró de DNA tó bá ń léfòó lásán. Lórí chitin yẹn kan náà, ó ní ohun kan bí ọ̀kọ̀ tó fi ń gún bakitéríà tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pa, lẹ́yìn náà á kó ohun tó dà sílẹ̀ lára òkú náà jẹ, á sì fi àwọn jíìnì ibẹ̀ kún ti ara rẹ̀. Bí òkú yẹn bá ní jíìnì àìgbóògùn, ogún ti dé nìyẹn. Májèlé tó ń mú kí aláìsàn onígbáméjì máa yàgbẹ́ bí omi ìfọrẹsì pàápàá kì í ṣe ti Vibrio látilẹ̀wá. Matthew Waldor àti John Mekalanos fi hàn ní 1996 pé kòkòrò fáírọ́ọ̀sì kan tí ń gbé inú bakitéríà ló gbé jíìnì rẹ̀ wá bá a. Lọ́dún náà gan-an ni àwọn méjèèjì àti ẹnì kẹta wọn tún ṣàpèjúwe SXT, ìpín DNA kan tó ń fò láti ara bakitéríà dé ara òmíràn, tó sì ń gbé àìgbóògùn sí sulfamethoxazole, trimethoprim, streptomycin àti chloramphenicol lọ́wọ́ kan. Inú Vibrio O139, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú ní Íńdíà àti Bangladesh ní 1992, ni wọ́n ti rí i.

Ibí ni àtakò àkọ́kọ́ ti wọlé, ó sì lágbára. Bí odò bá jẹ́ ilé Vibrio látayébáyé, tí copepod ń tọ́jú rẹ̀, tí ooru ń jí i, ta ni yóò lé e kúrò? Ṣe kò yẹ ká gbà pé kádàrá etí omi ni, ká kúkú dojú kọ oògùn? Ọ̀rọ̀ yìí dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ nígbà tí onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Haiti ní oṣù Kẹwàá 2010, oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọn ò ti gbúròó rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kan ní omi gbígbóná àti ìdàrúdàpọ̀ ìmìtìtì náà ló jí Vibrio ìbílẹ̀. Renaud Piarroux, dókítà ará Faransé, tọ ẹsẹ̀ àrùn náà lẹ́yìn láti abúlé dé abúlé, ó sì bá a dé odò kékeré Meye tó ń ṣàn sínú odò Artibonite, níbi tí àgọ́ àwọn ọmọ ogun apẹ̀tùsíjà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti Nepal wà. Nígbà tí wọ́n ka DNA kòkòrò náà, ti Nepal ló jọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ rárá. Ó tó 820,000 èèyàn tó ṣàìsàn, nǹkan bí 10,000 sì kú. Ní oṣù Kejìlá 2016 ni Ban Ki-moon tọrọ àforíjì lórúkọ Àjọ náà. Ní 2017, ìwádìí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde lórí ilẹ̀ Áfíríkà: François-Xavier Weill àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ka DNA Vibrio 1,070 láti orílẹ̀-èdè 45. Wọ́n rí i pé ìdílé kan ṣoṣo ló wà nídìí àjàkálẹ̀ náà láti 1970, pé ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mọkànlá ni wọ́n ti gbé e wọ Áfíríkà látòde, àti pé márùn-ún tó wọlé gbẹ̀yìn, tí gbogbo wọn wá láti Éṣíà, ló jẹ́ irú tí ọ̀pọ̀ oògùn kò ràn. Àwọn wọ̀nyí ló sì rọ́pò àwọn tí oògùn ń pa lẹ́yìn ọdún 2000. Ẹ jẹ́ ká fi etí sí èyí dáadáa. Bó bá jẹ́ pé Vibrio inú ọ̀sà wa ló ń dìde fúnra rẹ̀ ní gbogbo ìgbà ni, onírúurú ìdílé ni à bá rí. Èèyàn ló ń gbé e rin.

Síbẹ̀, mi ò ní sọ pé Colwell ṣìnà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí Haiti kò fi rí aláìsàn kan tí àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀, onígbáméjì tún bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2022, kòkòrò tí wọ́n sì bá jẹ́ àtọmọdọ́mọ ti 2010. Ó ti fara pamọ́ síbì kan, bóyá nínú omi, bóyá nínú ìfun àwọn tí kò mọ̀ pé àwọn gbé e. Odò lè tọ́jú ohun tí èèyàn gbé wá. Ṣùgbọ́n kí kòkòrò wà nínú odò yàtọ̀ sí kí ìlú máa kú. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti mọ̀ pé Vibrio onímájèlé ń gbé etíkun gúúsù Amẹ́ríkà, ní Texas àti Louisiana. Ní 1978, akàn tí kò jinná dáadáa kó o ran èèyàn 11 ní Louisiana. Ibẹ̀ ló parí sí. Omi wọn gbóná, copepod wọn pọ̀, akàn ni oúnjẹ wọn, àmọ́ ìgbẹ́ àwọn 11 yẹn kò débi omi tí àwọn ẹlòmíràn ń mu. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ó ti rí lọ, nítorí pé ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002 fi hàn pé Vibrio tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú èèyàn jáde lè ran ẹlòmíràn tó ìlọ́po 700 ju èyí tí wọ́n gbìn sínú àwo lọ. Ìgbẹ́ tuntun nínú kànga ni ewu gidi. Ẹni tó bá sì rò pé ẹ̀rọ olówó ńlá ìgbàlódé nìkan ló lè dá a dúró, kó lọ wo ìlú Hamburg ní Jámánì, níbi tí onígbáméjì ti jà ní 1892. Hamburg àti ìlú Altona fara kanra nígbà náà, ojú pópó ló pààlà wọn ní ibòmíràn, odò Elbe sì ni àwọn méjèèjì ń mu. Altona tilẹ̀ ń fa omi tirẹ̀ ní ìsàlẹ̀ odò, lẹ́yìn ibi tí Hamburg ti ń da ẹ̀gbin sí i. Nǹkan bí 8,600 ló kú ní Hamburg. Altona kò rí ju díẹ̀ lọ, nítorí pé yanrìn ni wọ́n fi ń sẹ́ omi wọn. Kò sí oògùn apakòkòrò kan láyé nígbà náà.

Àtakò kejì ni ti àwọn oníṣègùn: ẹ fi ọ̀rọ̀ omi sílẹ̀ fún àwọn ẹnjiníà, ìlòkulò oògùn ló ń bí àìgbóògùn, ẹ kọ́kọ́ ti ìsọ̀ àwọn tó ń tà á láìsí ìwé dókítà. Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, Yemen sì ni ẹ̀rí tó dára jù fún un. Láti 2016 ni onígbáméjì ti ń jà níbẹ̀ nínú ogun, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan èèyàn tí wọ́n fura sí pé wọ́n ní in. Ní ìbẹ̀rẹ̀, oògùn ń ràn kòkòrò náà. Wọ́n ń lo azithromycin àti erythromycin púpọ̀ fún un. Nígbà tí 2018 ń parí lọ, plasmid kan yọjú tó ń borí àwọn oògùn yẹn àti àwọn mìíràn, ní 2019 òun ló sì gba gbogbo ilẹ̀. Kò sí iyèméjì pé lílo oògùn ló fún un láǹfààní. Ṣùgbọ́n níbo ló ti gbà á? Nígbà tí wọ́n ka DNA àwọn kòkòrò tí wọ́n rí lára aláìsàn, wọ́n bá plasmid kan náà lára Vibrio ìbílẹ̀ tí kì í ṣe ti ìdílé àjàkálẹ̀. Inú ìlú tí ọ̀nà omi rẹ̀ ti fọ́ ni ti ilé àti ti àlejò ti pàdé. Ní 2018 kan náà, Peter Collignon àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi orílẹ̀-èdè 103 wé ara wọn láti mọ ohun tí àìgbóògùn ń bá rìn. Ohun amáyédẹrùn tó dára, bí omi àti ìmọ́tótó, pẹ̀lú ìjọba tó dára, ń bá àìgbóògùn kékeré rìn. Ìwọ̀n oògùn tí orílẹ̀-èdè ń lò kò fi bẹ́ẹ̀ bá a rìn. Ẹnì kan lè sọ pé bí nǹkan méjì bá ń rìn pọ̀, kò túmọ̀ sí pé ọ̀kan ló bí èkejì, òótọ́ sì ni. Àmọ́ ẹ gbé e lé ti Delhi, Japan, Ifẹ̀ àti Yemen lórí, ẹ ó rí i pé ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí. Oògùn ń yan akọni. Omi ẹlẹ́gbin ló ń sọ akọni kan di ọmọ ogun. Bí a bá wá dáwọ́ lé oníkẹ́míìsì nìkan, tí a fi gọ́tà sílẹ̀, ẹ̀tẹ̀ la fi sílẹ̀ tí à ń pa làpálàpá.

Lórí lílo oògùn náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ojú abẹ níkòó, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí à ń gbé mì nígbà tí inú bá ṣí kò ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe níbẹ̀. Flagyl ló kọ́kọ́ ń wá sí wa lọ́kàn. Amẹ́bà àti Giardia ló ń pa, pẹ̀lú àwọn bakitéríà tí kì í gbé ibi tí atẹ́gùn wà; kì í pa Vibrio, kì í pa Shigella, kì í pa fáírọ́ọ̀sì. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe lórí àwọn ọmọdé ní orílẹ̀-èdè méje ní Áfíríkà àti Éṣíà, tó jáde ní 2013, ohun mẹ́rin ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbẹ́ gbuuru tó le: rotavirus, Cryptosporidium, irú E. coli kan tó ní májèlé, àti Shigella. Méjì àkọ́kọ́ kì í ṣe bakitéríà rárá. Ní 2021, ìwádìí mìíràn fún ọmọ 8,268 tí ń yàgbẹ́ olómi tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ní azithromycin tàbí ayédèrú oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú; lẹ́yìn ọjọ́ 180, wọn ò rí ìyàtọ̀ tó dájú nínú iye tó kú. Mi ò sọ pé kí wọ́n fi oògùn dù ẹni tí onígbáméjì ti gbé ṣánlẹ̀ tàbí ọmọ tí ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Ó ń gé ìgbẹ́ onígbáméjì kúrú, ó sì ń dín kòkòrò tó ń jáde lára rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń gba ẹ̀mí là. Májèlé Vibrio ń ṣí ihò kan lára ìfun tí iyọ̀ ń gbà jáde, omi sì ń tẹ̀ lé iyọ̀, débi pé àgbàlagbà lè pàdánù tó lítà kan láàárín wákàtí kan. Ihò mìíràn wà tí májèlé náà kì í fọwọ́ kàn, èyí tí ṣúgà àti iyọ̀ ń dìjọ gbà wọlé. Ibẹ̀ ni omi oníyọ̀ àti ṣúgà ń gbà ṣiṣẹ́: ṣíbí ìmutíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí iyọ̀, kí a gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, nínú lítà omi mímọ́ kan. Ní 1971, nígbà tí àwọn olùwá-ibi-ìsádi láti Bangladesh kún ìlú Bangaon ní Íńdíà, omi abẹ́rẹ́ tán lọ́wọ́ dókítà Dilip Mahalanabis. Ó po irú omi yìí sínú dúrọ́ọ̀mù, ó ní kí àwọn ẹbí máa fi fún àwọn èèyàn wọn mu. Ikú tó ti tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún já wálẹ̀ sí nǹkan bí 3.6. Ní 2021, ẹni 111,062 ni wọ́n fura sí pé wọ́n ní onígbáméjì ní Nàìjíríà, 3,604 sì kú, ìyẹn ju mẹ́ta lọ nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí a gbà káàkiri ayé pé kò yẹ kó pé ẹyọ kan bí omi yìí bá tètè dé ẹnu aláìsàn. Kò sí bakitéríà kan tó lè kọ́ bí a ṣe ń borí iyọ̀ àti ṣúgà.

Àtakò tó ṣẹ́ kù ni owó, òun ló sì dùn mí jù láti dáhùn. Ọ̀nà omi ẹ̀gbin abẹ́ ilẹ̀ fún ìlú bí Èkó yóò gba ọ̀pọ̀ ọdún àti owó tí ẹnu kò lè sọ. Láàárín ìgbà yẹn ńkọ́? Ní oṣù Kẹfà 2024, nígbà tí onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Étí-Ọ̀sà, ní Erékùṣù Èkó àti láwọn ibòmíràn ní ìpínlẹ̀ náà, ohun mímu tí wọ́n fi ọ̀fíọ̀ ṣe, tí kò ní orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan lára ike rẹ̀, wà lára ohun tí ìjọba fura sí. Ẹni tó ń ta irú rẹ̀ kò lè dúró de ìjọba kó tó fọ ọ̀fíọ̀. Omi tó wà nítòsí ló máa lò. Fún un, kílóríìnì nínú dúrọ́ọ̀mù omi ni ìdáhùn tòní, ó sì yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ máa fi fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí pé kò wọ́n tó ìtọ́jú aláìsàn kan. Àjẹsára onígbáméjì tí wọ́n ń mu náà wà, àmọ́ ní oṣù Kẹwàá 2022, èyí tó wà láyé kò tó, débi tí wọ́n fi ní kí àwọn tí àrùn bá jà ládùúgbò wọn máa gba ẹ̀ẹ̀kan dípò ẹ̀ẹ̀mejì. Ti Bangladesh ló wù mí jù. Colwell àti Huq ní kí àwọn obìnrin ní àwọn abúlé kan ní àgbègbè Matlab ká aṣọ sari àlòkù sí ìpele mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n dà á bo ẹnu ìkòkò kí wọ́n tó bu omi odò sí i. Sari àlòkù dára ju tuntun lọ, nítorí pé okùn rẹ̀ ti rọ̀, ihò rẹ̀ sì ti fún. Copepod kò lè gba ibẹ̀ kọjá, Vibrio tó lẹ̀ mọ́ ọn náà sì di èrò ẹ̀yìn. Láàárín ọdún mẹ́ta, onígbáméjì fi ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Nígbà tí wọ́n padà lọ wo àwọn obìnrin náà ní nǹkan bí ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, láìsí ẹni tó ń rán wọn létí, ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì ń sẹ́ omi wọn. Aṣọ náà kì í dá E. coli dúró ṣá, kì í sì í dá Shigella dúró, nítorí pé àwọn yẹn kì í gun ẹ̀yìn copepod. Tàwọn yẹn, àfi kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga.